Òwìwí Nínú Àwo Bàbá Mi

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní Alibon, àdúgbò wa nílùú òyìnbó, agogo àdúrà kò dún nílé wa. Bàbá mi ló máa ń lù ú kí ilẹ̀ tó mọ́, àwa ọmọ á sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú oorun lójú. Lọ́jọ́ yẹn mo lajú, ìmọ́lẹ̀ ti kún yàrá, ilé sì pa rọ́rọ́. Ẹ̀rù bà mí, nítorí mo mọ inú àwo tí ó ti jẹun lánàá.

Ìyá àgbà òyìnbó tí ògiri ilé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ tiwa ló fún wa ní àwọn àwo náà nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ìyá ìyá rẹ̀ ló kó wọn wá láti ilẹ̀ Faransé. Tánńganran gidi ni wọ́n, wọ́n fẹ́lẹ́ débi pé bí o bá gbé ọ̀kan sójú fèrèsé, wàá rí òjìji ìka rẹ lára rẹ̀. Wúrà yí etí wọn po, wọ́n sì ya ẹyẹ kan sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú Màmá dùn sí ẹyẹlé àti òkín. Nígbà tó tú bébà lára èyí tó kẹ́yìn, ó yára dojú rẹ̀ délẹ̀. Òwìwí ni.

Nínú ìjọ aláṣọ funfun tiwa, a kì í fi ẹyẹ òru ṣeré. Màmá ní kí wọ́n fọ́ ọ, ó ní ẹni tó bá jẹun nínú rẹ̀ ti bá àwọn ayé jẹun. Bàbá jókòó sídìí tábìlì, kò tíì bọ́ aṣọ ìjọsìn. Ó ní, "Bu ìrẹsì mi síbẹ̀."

"Bàbá Dérìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀mí yín ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ta ló dá òwìwí? Bù ú wá, jàre. Àbí ebi tó ń pa mí náà ti di àjẹ́ ni?"

Màmá bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ síbẹ̀. Bó ṣe ń jẹun lọ, ojú ẹyẹ náà ń yọ láti abẹ́ ọbẹ̀, ọ̀kan, lẹ́yìn náà èkejì, wọ́n sì tẹjú mọ́ ọn. Bàbá fi ẹran nu ọbẹ̀ tó kù lójú òwìwí náà, ó jẹ ẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìdí nìyí tí mo fi sáré wọ yàrá wọn láàárọ̀ yẹn. Màmá ti lọ síbi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀dì ṣófo. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí pálọ̀, mo sì bá Bàbá tó dojú bolẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì nínú aṣọ funfun, kò mira. Igbe ti dé ọ̀fun mi kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀, ohùn kékeré kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Olúwa, mo ti sọ̀rọ̀ lójú àwọn ọmọ mi. Má jẹ̀ẹ́ kí ojú tì mí. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù bà mí ju òwìwí lọ. Mo rọra pa ilẹ̀kùn dé, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kò sí ohun tó ṣe Bàbá, ṣùgbọ́n lójú ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà, ó ti tàn wá jẹ.

Èmi náà ti bímọ báyìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé ọmọbìnrin mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ní kó má bẹ̀rù, Ọlọ́run wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọsibítù, mo ti ilẹ̀kùn, mo dojú bolẹ̀ lórí táìlì tútù. Ọmọ mi yè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó yè pàápàá, n kò purọ́ fún un: ẹ̀rù ń bà mí, mo sì gbà pé Ọlọ́run wà níbẹ̀. Bàbá mi náà kò purọ́ fún wa.