Ta Ló Ní Kí Wọ́n Gé Ohùn Bàbá Tẹ́ní?

Akíntáyọ̀, bàbá Tẹ́ní, ṣubú ní ibùdókọ̀ Bọ́ládé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹta, kò sì dìde mọ́. Fláàṣì kékeré kan ni wọ́n bá nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Orin mẹ́sàn-án tí ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Ààrá Ìsọlọ̀ fi fẹ́ dágbére fún àwọn olólùfẹ́ wọn ló wà nínú rẹ̀. Ó ń gbé e lọ sílé Olúyínká, ẹni tó ń kọrin fún wọn, torí pé ọ̀gá náà ní òun ò lè wá gbọ́ ọ fúnra òun.

Mẹ́ta ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ náà: Olúyínká, Sirajudeen onígìtá, àti Lucy tó ń lu ìlù jáàsì. Èwo ló wá síbi ìsìnkú nínú wọn? Kò sí. Mo ní kò sí o!

Ara àdúgbò kan náà ni èmi àti Akíntáyọ̀, ojú mi ló ṣe. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti bára wọn jà débi pé wọn kì í kíra wọn mọ́. Wọ́n fẹ́ tú ká, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì jẹ ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin wọn jáde ní gbèsè àwo kan nínú àdéhùn wọn. Akíntáyọ̀, tó ti ń gba ohùn wọn sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní kí kálukú máa wá lọ́jọ́ tirẹ̀. Lucy ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Sirajudeen ní Ọjọ́rú, Olúyínká lọ́jọ́ Ẹtì. Yàrá kótópó kan ni, nínú ilé Akíntáyọ̀ ní Òkè-Àfà. Ó ra kọ́tìn tó nípọn ní ọjà Aswani, ó fi bo ògiri, ó pa fáànù nítorí ariwo, ó sì làágùn níbẹ̀ fún oṣù mẹ́rin gbáko.

Òun náà ló ń jíṣẹ́ láàárín wọn. Lucy á ní, "Bàbá Tẹ́ní, ẹ sọ fún oníranù yẹn pé gìtá rẹ̀ ń ta mí létí!" Tó bá di ọjọ́ kejì, Akíntáyọ̀ á rẹ́rìn-ín sí Sirajudeen: "Lucy ní kí n kí ẹ. Ó ní kó o rọra fa gìtá yẹn wálẹ̀ díẹ̀." Ìgbà wo ni Lucy kí èèyàn?

Nígbà tí wọn ò sì sí níbì kan náà, ta ni yóò sọ ìgbà tí orin bẹ̀rẹ̀? Akíntáyọ̀ ló ń kà á: "Ení, èjì, ẹ̀ta, ó yá!" Ohùn rẹ̀ ló ṣáájú gbogbo orin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àǹtí, mo rò pé Siraju á lọ ni," Olúyínká wí. "Mi ò fẹ́ rí i sójú."

Sirajudeen ní Lucy ló yẹ kó ṣojú àwọn. Lucy ńkọ́? "Ta ló sọ fún mi? Bàbá Tẹ́ní ló máa ń sọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ fún mi."

Ẹ gbọ́ o! Òkú ni kó wá kéde ikú ara rẹ̀!

Morọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ló wọ aṣọ ọ̀fọ̀ gbé fláàṣì náà lọ sí ilé iṣẹ́ yẹn, kí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ má bàa ṣègbé. Nígbà tí àwo jáde, òun àti Tẹ́ní, ọmọ ọdún méje, jókòó tì í. Gìtá ló kọ́kọ́ dún. Wọn ò gbọ́ ohùn bàbá. Orin kejì, bákan náà. Títí dé ìkẹsàn-án. Orúkọ rẹ̀ ò sì sí lẹ́yìn àwo.

Mo lọ bi ilé iṣẹ́ náà. "Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, mà. Ariwo la kàn gé kúrò. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i."

Ariwo! Àwọn tí kò lè jọ jókòó, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹnu kò lé lórí nìyẹn. Ó rí mi lára. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ilé iṣẹ́, ẹ sọ orúkọ ẹni tó ní kí ẹ gé e. Ẹ kọ orúkọ Akíntáyọ̀ sára àwo náà. Olúyínká, Sirajudeen, Lucy, ẹ jọ lọ sí Òkè-Àfà lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ kúnlẹ̀ níwájú Morọ́lá. Kò sẹ́ni tí yóò bá yín jíṣẹ́ mọ́.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Kí Tẹ́ní tó tẹ orin àkọ́kọ́, ó gbé ìka sókè, ó ní, "Ení, èjì, ẹ̀ta, ó yá!" Ó ní bí dádì òun ò bá kà á, orin náà ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ dá ohùn bàbá rẹ̀ padà fún un.