Àna Tí Kì Í Dọ̀bálẹ̀

Ojú tí mo kọ́kọ́ fi wo Fọláhàn kì í ṣe ojú rere. Ọmọ Ìbàdàn ni bàbá rẹ̀, Springdale níbí ní Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà, àmọ́ bí ó bá pàdé àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lanham, orí lásán ló máa ń tẹ̀. Bí gbogbo ìjọ bá kúnlẹ̀ gbàdúrà, òun á jókòó gbọnin lẹ́yìn. Bí ìsìn bá parí, kì í dìde àfi tí gbogbo wa bá jáde tán. Kí ló ń fi pamọ́?

Wọ́n ní ó ti fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ jẹun rí, èyí tí wọ́n máa ń gbá mọ́ àyà sá, tí wọ́n sì ń kọlu ara wọn. Kò gbé bọ́ọ̀lù náà rí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó sì fi ara dí ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má baà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá a dúró, ó gba iṣẹ́ ọ́fíìsì ní Suitland. Òun ni Adérìnsọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́.

“Òkìkí ló ń gùn ún,” mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. “Bó láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.”

“Ẹni tí ò lè dọ̀bálẹ̀ fún mi, kò lè fẹ́ ọmọ mi,” ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. “That's final.”

Adérìnsọ́lá sunkún, kò sọ nǹkan kan. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́! Ìyẹn tún jẹ́ kí n fura sí Fọláhàn.

Fọláhàn wá sílé ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn. Ó wo kápẹ́ẹ̀tì, ó di apá àga mú, ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó sì nà gbalaja. Inú mi dùn. Ẹ̀gbọ́n mi ṣàdúrà, ó sì fà á gùn.

“Ó tó. Dìde, my son.”

Fọláhàn kò mira.

“Mo ní kó o dìde.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní one minute.” Òógùn ti bò ó lójú.

“Daddy, kò lè dìde ni,” Adérìnsọ́lá wí. “Football ti ba orúnkún ẹ̀ méjèèjì jẹ́. Ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún yín, pé òun ò fẹ́ kẹ́ ẹ fún òun níyàwó torí àánú.”

Ojú tì mí. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo fẹ́ lọ gbé e, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ dá mi dúró. Ọkùnrin tí n kò rí kí ó kúnlẹ̀ fún ẹ̀dá kankan rí kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní kí Fọláhàn fi apá kọ́ òun lọ́rùn. Ó pẹ́ kí àwọn méjèèjì tó dé orí àga, wọ́n ń mí hẹlẹ.

“Láti òní lọ,” ẹ̀gbọ́n mi wí, “orí ìjókòó ni kó o ti máa kí mi.”