Ẹni Kẹtàlélógún Nínú Mẹ́tàlélógún

Bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Gbádébọ̀ Ògúntádé fún ọmọ Yorùbá kan ní Ballymun, ní ìlú Dublin, ọ̀rọ̀ èsì ìdánwò ni yóò kọ́kọ́ sọ. Gbogbo Sátidé ni Tíṣà, bí a ṣe ń pè é, máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò nínú gbọ̀ngàn kan níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó pe àwa òbí jọ, ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka èsì láti orí ẹni kìn-ín-ní dé ẹni ìkẹyìn, bí wọ́n ṣe ń kà á ní Ìsẹ́yìn nígbà tó wà lọ́mọdé. Ilé ìwé Dublin kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un?

"Morọ́láyọ̀! Ẹni kẹtàlélógún nínú mẹ́tàlélógún!"

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá náà dìde. "Sir, what did I get wrong?"

"Mathematics!" ni Tíṣà dá a lóhùn.

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mọ́pẹ́, ìyá ọmọ náà, pàápàá rẹ́rìn-ín, torí kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Morọ́láyọ̀ mú kóòtù rẹ̀, ó jáde. Sátidé tó tẹ̀lé e, kò wá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, a gbọ́ pé ó ti ní kí ilé ìwé òun gbé òun lọ sí ìpele ìsàlẹ̀ nínú ìṣirò, pé òun ò ní ọpọlọ ẹ̀.

Ká má purọ́, bí Tíṣà ṣe rí nìyẹn. Kò sí ohun tí kì í fún ní máàkì. Ọkùnrin tó wá tún ẹ̀rọ amúlégbóná gbọ̀ngàn ṣe, Tíṣà kọ ọ́ sórí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ pé: "Fair. Can do better." Lọ́jọ́ kan, ó fún ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀, Adéjùmọ̀kẹ́, ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni Tíṣà fi jẹ búrẹ́dì.

Ó tún fẹ́ràn ìtàn. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ èyí tó fi rin máìlì méje lọ sí ilé ìwé nínú òjò, tó wá bá odò tó kún dí ọ̀nà, ẹ gbàgbé ìṣirò. Kò parí ìtàn náà rí, torí ibi odò yẹn gan-an ni ẹni tó ń ti gbọ̀ngàn máa ń dé bá a tòun ti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ yẹn kò jẹ́ kó sinmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Adéjùmọ̀kẹ́ bá a lórí ìkúnlẹ̀ láàárín pálọ̀, ìwé ìdánwò mẹ́tàlélógún tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ti fa ìlà sórí bébà ńlá kan, orúkọ àwọn ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, nọ́ńbà ìbéèrè lókè. Èyí tọ́mọ bá gbà, ó fi búlúù kùn ún. Èyí tó bá kùnà, pupa.

"Bàbá Tófúnmi, kí lẹ̀ ń wá?"

"Ohun tí ọmọ yẹn ò mọ̀ ni."

"Ẹ ti wá rí i?"

Ó nawọ́ sí àárín bébà náà. Láti ìbéèrè keje dé ìkejìlá, pípín ìdá, ìyẹn fractions, bébà náà pọ́n láti òkè délẹ̀, kò sọ́mọ tó gbà á. Ó ṣí ìwé tó fi ń kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Sátidé tó yẹ kó kọ́ wọn ní pípín ìdá, ọjọ́ náà ló sọ ìtàn odò.

"Adéjùmọ̀kẹ́," ó ní, "èmi ni mo féèlì." Ojú tì í débi pé kò lè jẹun. Ẹni tó ń fún gbogbo ayé ní máàkì, kò yẹ tirẹ̀ wò rí.

Lọ́jọ́ kejì ó wọ bọ́ọ̀sì, ó tún wọ reluwé, ó di Clonsilla, níbi tí Morọ́láyọ̀ àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Mọ́pẹ́ ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ sà. Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Morọ́láyọ̀ ni mo wá rí. Ó bi mí ní ìbéèrè, mi ò dá a lóhùn."

Ọmọ náà jáde wá, ó fajú ro. Tíṣà tẹ́ bébà náà sórí tábìlì kíṣìnnì. "Wò ó. Nínú ogún ìbéèrè, mẹ́jọ lo kùnà. Méjì nínú ẹ̀, o kánjú ni. Mẹ́fà tó kù, nǹkan kan náà ni, pípín ìdá. Kì í ṣe pé o ò ní ọpọlọ. Èmi ni mi ò kọ́ ẹ. Mò ń sọ ìtàn." Ó ṣí fìlà lórí. "Má bínú."

"Háà, Tíṣà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sà!" ni Mọ́pẹ́ ń wí.

Morọ́láyọ̀ wo bébà náà títí. "Ah, you're grand, sir," ó ní, bí àwọn ará Dublin ṣe ń sọ pé kò burú.

"Grand kọ́," ni Tíṣà dáhùn. "Fair. Can do better."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Orí tábìlì yẹn ni wọ́n ti pín ìdá títí tíì Tíṣà fi tutù. Kò sì lọ sí ìpele ìsàlẹ̀ mọ́.

Ní Sátidé, Tíṣà tún pe àwa òbí jọ. Ó ní èsì kan ló ṣẹ́ kù. "Ògúntádé! Ẹni kẹrìnlélógún nínú mẹ́rìnlélógún!" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwa tí a fi ọmọ ọlọ́mọ ṣẹ̀sín lójú wá ń tì, ó sì ń tì wá dòní. Láti ọjọ́ náà kò ka ipò ẹnikẹ́ni mọ́. Ìwé pélébé onílà mẹ́ta ló ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: ohun tí o mọ̀, ohun tó kù, ohun tí wàá ṣe kó tó di Sátidé. Kò sì tún sọ ìtàn kankan ní kíláàsì mọ́.

Oṣù Kejì ọdún yìí ni Tíṣà kú. Morọ́láyọ̀, tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì báyìí, wá bá wa ṣèdárò ní gbọ̀ngàn náà. Ó fi ìwé pélébé kan síwájú fọ́tò Tíṣà. Yorùbá ló fi kọ ọ́, ọmọ tí kì í fi Yorùbá dá wa lóhùn. Adéjùmọ̀kẹ́ gbé e, ó kà á sókè fún wa, ẹ̀rín ń pa á, omi ń bọ́ lójú rẹ̀:

Ohun tí ẹ mọ̀: Ẹ mọ bí àgbà ṣe ń tọrọ àforíjì.

Ohun tó kù: Ẹ ò tíì sọ bí ẹ ṣe kọjá odò yẹn.

Ohun tí ẹ máa ṣe kó tó di Sátidé: Ẹ sinmi, sà.