Àsúmáù Lọ Bu Omi Lórí Òkè

Nígbà tí Àsúmáù fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, gbogbo ẹbí rò pé yóò jókòó sílé ní Peckham, ní London, kó máa bá wọn tọ́jú ọmọ-ọmọ. Àfi bó ṣe forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì, tó ní òun fẹ́ kọ́ nípa odò. Wọ́n rò pé eré ni. Ìgbà tó sọ pé kíláàsì òun ń lọ sórí òkè ńlá kan ní Switzerland ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Làtíìfù, gbéra láti Stockwell wá bá a.

"Àsúmáù, ṣé kò sí o? Ìwọ tí orúnkún ń dùn lórí àtẹ̀gùn flat rẹ, òkè wo lo fẹ́ gùn?"

"Èyí tó ga jù ni, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Kí ló kàn wá nínú yìnyín àwọn òyìnbó?"

Ọ̀rọ̀ odò kan ti wà lọ́kàn Àsúmáù tipẹ́. Ọmọdé ni nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ilé wọn n'Ìbàdàn. Ó béèrè nígbà náà ibi tí omi ti rí gbogbo ẹrẹ̀ tó gbé wọlé. Ńṣe ni wọ́n ní kó panu mọ́.

"Ẹ má bínú," ló sọ. "Màá lọ."

Ó sì lọ.

Olùkọ́ wọn, Boaz, ọmọ Brockley tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Iléṣà, ló kó wọn lọ. Lẹ́bàá yìnyín ńlá tó bo orí òkè, ó ṣàlàyé pé bí ayé ṣe ń gbóná, yìnyín ń yọ́, ó ń fà sẹ́yìn, ó sì ń fi iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ níhòòhò. Ilẹ̀ tó ti dì gbagidi láti ayébáyé, tó di àpáta mú, òun náà ti ń rọ̀. Òjò ńlá kan péré, gbogbo rẹ̀ á ya wọ odò, á lọ dí ìsédò tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ti ń rí omi mu. Lọ́jọ́ náà, oníkálùkù bu omi odò sínú bọ́tìlì, wọ́n sẹ́ ẹ láti mọ bí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Lọ́jọ́ kejì, òjò náà rọ̀. Odò gbé afárá lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù sí ibi tí wọ́n ti ń bu omi yí òkè po, ó sì ṣòro gùn.

Boaz fa Àsúmáù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Yorùbá ẹnu rẹ̀ ń dún bíi ti òyìnbó. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró sí lodge tí a dé sí. A máa bu omi yín fún yín. Your knee, ma."

"Ṣé tíì ni mo wá mu láti Peckham?"

"Mi ò fẹ́ kí ẹ ṣubú ni."

"Tí mo bá ṣubú, màá dìde. Bọ́tìlì mi dà?"

Boaz rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa tẹ̀lé òun pẹ́kípẹ́kí. Orúnkún ń ta Àsúmáù bí abẹ́rẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọjá lára rẹ̀. Ó ń bú òkè náà, ó ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó tún ń bú u. Òun ló dé gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó dé.

Omi ń hó, ó rí bí eérú, ó ki bíi sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Boaz so okùn mọ́ Àsúmáù níbàdí kí obìnrin náà tó bu omi tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n sẹ́ ẹ, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù lórí asẹ́ ki bí ògì. Ti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí òjò tó dé, kò ju lẹ́búlẹ́bú díẹ̀ lọ.

"Ibí lo ti ń kó ẹrẹ̀," Àsúmáù sọ fún odò náà. Kò sunkún. Inú ló ń bí i.

Nígbà tó padà dé, Làtíìfù bá a níbi tó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí.

"Ó ti wú, àbí? Ó ti parí nìyẹn."

"Kò parí o. Àwọn tó ń mu omi yẹn nísàlẹ̀ ò lè sinmi. A tún ń lọ ní September."

Làtíìfù pòṣé, ó jáde. Inú rẹ̀ ò tíì rọ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, ẹni tó bá kọjá lójú ọ̀nà Nunhead, nítòsí Peckham, á rí obìnrin kan tó wé híjáàbù, tó wọ bàtà ńlá, tó ń fi ọ̀pá gun òkè ibẹ̀ láti fi múra de September, tí kò sì wo ẹ̀yìn.