Aláboyún Ẹ̀yìn Fèrèsé

Ara máa ń fu mí sí èèyàn, mi ò ní purọ́. Ẹni tó bá ń ṣe fọ́tòkọ́pì l'Ágbowó bíi tèmi, tó ń fi ike bo ìwé NIN oníkálùkù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, á mọ ohun táwọn èèyàn ń fi orúkọ olórúkọ ṣe. Torí náà, nígbà tí ìyàwó tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi ní kí n yá òun ní káàdì ọsibítù mi, mo wò ó látòkè délẹ̀. Onídìrí ni, ará Kétu, lódì kejì bọ́dà níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Oyún oṣù mẹ́ta wà nínú rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sókè Ọya, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbélé.

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?” mo bi í.

“Wọ́n ní wọ́n ń béèrè NIN nílé ìwòsàn ìjọba, màmá. Mi ò ní. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ lé mi padà sílé.”

“Káàdì tèmi kọ́ ni wàá fi ṣèyẹn.” Mo ti ilẹ̀kùn mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láràárọ̀ Ọjọ́rú. Ó ní òun ń lọ fún ìtọ́jú aláboyún. Ìtọ́jú wo? Pẹ̀lú káàdì ta? Mo sáré yẹ báàgì mi wò, káàdì mi wà níbẹ̀. Àbí ó ti rí ti ẹlòmíì gbà? Àbí ó ní ọkùnrin kan ní Ṣàngó? Oṣù ń gorí oṣù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, sálúbàtà ò gbà á mọ́, síbẹ̀ kò pa Ọjọ́rú kan jẹ.

Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọ kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e. Iwájú ilé ìwòsàn ìjọba ló ti sọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò wọlé. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ jókòó lórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ fèrèsé yàrá tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń kọ́ àwọn aláboyún lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n kọrin, òun náà ń pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dárúkọ oògùn, ó yọ báírò, ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ kó lè lọ rà á ní kẹ́mísì. Oṣù mẹ́rin ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí.

Inú bí mi, sí ara mi ni. Mo ní, “Dìde, jẹ́ ká wọlé.”

Akọ̀wé tó ń ṣe káàdì fura sí wa. “Ibo lẹ ti wá?”

“Ṣakí. Àbúrò mi ni.”

“NIN ńkọ́?”

“Ó wà nílé.”

Ó pòṣé. “Ẹ mú un wá tẹ́ ẹ bá ń bọ̀.” Ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì so aṣọ ìwọ̀n mọ́ ọn lápá, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ojú rẹ̀ yí padà. “Ìfúnpá tó ga tó báyìí lè pa ìyá, ó lè pa ọmọ. Kò ní relé lónìí.” Ló bá kọjú sí mi. “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ibo lẹ wà látọjọ́ yìí? Ẹ ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni?”

Mo rí i. Gbogbo Ọjọ́rú ni mò ń wo ẹsẹ̀ náà títí á fi jáde ní géètì. Ibi tó ń lọ nìkan ni mo fẹ́ mọ̀.