Lékeléke Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Dọ̀bálẹ̀ Fún

Òórùn ẹrẹ̀ ọ̀sà kọlù mí ní Olówógbowó láàárọ̀ yìí, inú sì tún bí mi sí àwọn ará ilé wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ya fọ́tò lékeléke níbẹ̀, wọ́n sì fi í ṣẹlẹ́yà pé èérún búrẹ́dì ló yà. Ó fẹ́ ju kámẹ́rà sínú ọ̀sà.

Màmá àgbà jágbe mọ́ ọn: “Ṣé òòró lo dúró ya ẹyẹ bí ọlọ́pàá? Ọmọ Èkó, dọ̀bálẹ̀ fún un!”

Ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń wọ́ lọ. Ojú mi ló ṣe, lékeléke tún ìyẹ́ rẹ̀ tò, ó rẹ́rìn-ín!

Fọ́tò tó yà lórí ìdọ̀bálẹ̀ mọ́ kedere. Màmá àgbà dorí fọ́tò náà kodò, ó nà án sí àwọn ará ilé: “Ẹ̀yin ẹlẹ́gàn, ẹ wò ó! Ṣé ojú yín fọ́ ni?”

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé Màmá ò ríran mọ́ nígbà náà.