Oòrùn Kò Tíì Wọ̀ ní Ìyá

Bí o bá gba Ọ̀fà Garage kọjá ní ìrọ̀lẹ́ nínú ààwẹ̀ Ràmàdáànì, òórùn ànàmọ́ sísun ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ. Àwọn tó ń sun ún á ti tò ó sórí ẹyín iná, èèpo rẹ̀ á ti jóná díẹ̀, ìwọ tí o ò fẹnu kan nǹkan láti òwúrọ̀ á sì máa gbé itọ́ mì. Àdúrà àwọn ẹlòmíì nígbà náà ni pé kí ládàánì tètè pè. Ẹ̀rín ni èmi máa ń rín, nítorí òórùn yẹn kì í jẹ́ kí n dúró ní Ìlọrin. Ìyá ló máa ń gbé mi lọ.

Ìyá ni orúkọ àfonífojì kan láàárín àwọn òkè ńláńlá ní ilẹ̀ Jàpáànù, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o. Nígbà tí yunifásítì wa ní Malete ní kí n lọ wo bí wọ́n ṣe ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè níbẹ̀, mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé Ìyá ni mò ń lọ. Ó ní, "Ìyá ta ni? Ìyá ẹ rèé l'Ọ́jà-Ọba tí o ò wá kí!" Títí mo fi wọ bàálù, obìnrin náà ṣì ń fura sí mi.

Èmi tí mo rò pé Òkè Sobí tiwa n'Ílọrin ga! Àwọn òkè ibẹ̀ dúró gangan, igi bò wọ́n, yìnyín funfun wà lórí wọn, ilé àwọn èèyàn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ẹni pé wọ́n fi wọ́n kọ́ síbẹ̀. Oko wọn dagẹ̀rẹ́ débi pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń yọ̀ wálẹ̀. Àwọn àgbà ibẹ̀ á fi ọkọ́ wọ́ ọ padà sókè, wọ́n á fi koríko gbígbẹ bò ó kó má baà tún lọ, bó bá sì di ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á tún un wọ́. Ọ̀dọ̀ tọkọtaya àgbà kan ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Bàbá kì í sábà sọ̀rọ̀, ìyá ló ń sọ ti àwọn méjèèjì. Èdè wọn tí mo gbọ́ kò pọ̀, àmọ́ ó tó wa lò.

Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀ ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún ìyá pé mi ò ní jẹun títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ó bi mí pé, "Omi ńkọ́?" Mo ní omi náà ò ní kan ẹnu mi. Ó mí kanlẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti yọjú síta, màá rí i tó gbójú sókè tó ń wo oòrùn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun aláàsárì tán ni oòrùn kó sẹ́yìn òkè, tí òjìji sì bo gbogbo abúlé. Kíá ni ìyá pè mí sídìí ààrò tí wọ́n gbẹ́ sí àárín ilé. Ó wa ànàmọ́ jáde nínú eérú gbígbóná, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú mi.

"Oòrùn ti wọ̀," ó wí. "Jẹun, ọmọ mi."

Ọ̀rẹ́ mi, kí ni mo fẹ́ ṣe? Òórùn Ọ̀fà Garage gan-an ló ń jáde lára ànàmọ́ yẹn. Ebi ń pa mí, àmọ́ mo mọ̀ pé oòrùn kò tíì wọ̀, ó kàn fara pamọ́ ni. Bí mo bá jẹ ẹ́, ààwẹ̀ mi bàjẹ́, ààwẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbà láìsí ẹnì kan nínú ẹbí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mi ò bá sì jẹ ẹ́, ìyá tó ti ń bá mi ṣọ́ oòrùn láti òwúrọ̀ ńkọ́? Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, ìyá. Kò tíì wọ̀. Ẹ̀yìn òkè ló wà."

Ojú rẹ̀ fà ro, ó sì dùn mí gan-an. Bàbá tí kò sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ló dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Àwa mẹ́ta há ara wa mọ́ iwájú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, ìyá gbé ànàmọ́ tó fi aṣọ wé lé itan. Ọ̀nà náà ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ó ń gòkè, a kọjá sáàárín igi, a dé ibi tí yìnyín wà. Bí a ṣe yọ sórí òkè báyìí, ìmọ́lẹ̀ bò wá lójú. Oòrùn rèé! Ó ṣì wà lókè dáadáa, òkè lórí òkè sì tẹ́ rẹrẹ síwájú wa títí ojú mi ò fi tó o mọ́. Ìyá pariwo, ó ń gbá mi léjìká.

"Mo mọ̀ pé ó ń lọ síbì kan," ó ní, "àmọ́ láti ọjọ́ tí mo ti délé ọkọ, mi ò wá wò ó rí!"

A jókòó dè é. Mo bẹ ìyá kó jẹun, ó kọ̀, ó ní ọ̀fun òun ò ní gbà á lójú ọmọ tí ebi ń pa. Ó ń dárúkọ àwọn òkè fún mi níkọ̀ọ̀kan. Èmi náà sọ fún un ohun tí Ìyá ń jẹ́ lédè wa, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí oòrùn wọ̀ lóòótọ́, bàbá ló kọ́kọ́ fọhùn: "Ó yá." Mo fún wọn ní dàbínù tí mo gbé láti ilé, a fi ṣínu, lẹ́yìn náà la jẹ ànàmọ́ tó ti tutù. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo sunkún. Ní ìrọ̀lẹ́ kejì, àwọn aládùúgbò méjì tẹ̀lé wa, nígbà tí mo sì fi máa kúrò níbẹ̀, bí ìdajì abúlé ló ń bá mi gòkè lọ ṣínu.

Mo ti rò pé èmi nìkan ni màá dá gba ààwẹ̀ yẹn. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè ní ìyá síbi tí kò ti lẹ́bí.

Títí di òní, bí Ràmàdáànì bá ti dé, fọ́tò kan á wọlé sórí fóònù mi: oòrùn pípọ́n lórí òkè, ìyá dúró níwájú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ tiwọn máa ń tètè ṣú ju tiwa lọ, nítorí náà àárọ̀ ṣì ni níbí, ebi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀: "Oòrùn ti wọ̀. Jẹun, ọmọ mi."

Mo fi ti ọdún yìí han ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ọ́jà-Ọba. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá ẹ ti tún dé," ó ní. "Sọ fún wọn pé kò tíì wọ̀ o."